Àwa Òkun Lókè Òkun: Eérú, Imọ̀ Ọ̀pẹ, àti Ọmọ Tó Ní Èdè Màmá Àgbà Kì Í Ṣe Tòun

"Èdè Màmá àgbà nìyẹn, Àǹtí. Kì í ṣe tèmi."

Ọmọ ọdún 11 ló sọ ọ́, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Fádà ti ń wọṣọ Mísà, nígbà tí wọ́n fi ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́ pé kó ka ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ní Yorùbá lọ́jọ́ Àjíǹde. Kò fi àfojúdi sọ ọ́ rárá. Bí ẹni tó ń dá bàtà onílé padà ló ṣe fi ìwé náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìyàrá ní ilẹ̀ Ìjùmú, dúró níbẹ̀, kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ó dun gbogbo wa wọra, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Nílé, Ìjùmú ni ìyá rẹ̀ ń bá a sọ. Ìwé tí wọ́n fún un, Yorùbá inú Bíbélì ni, èyí tí àwa ará Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, bá lẹ́nu katikíìsì àti nínú ìwé àdúrà. Láti 1955 tí Róòmù ti ya àgbègbè Kábà sọ́tọ̀, èyí tó di Dáyọ́sísì Lọ́kọ́ja lónìí, àwọn òbí wa ti ń sọ Owé, Ìyàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀ tàbí Ìjùmú nílé, kí wọ́n tó bọ́ sínú Yorùbá ìwé nígbà tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó dàgbà sílé ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìfẹsẹ̀ kọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní afárá yẹn. Èdè méjì ni etí rẹ̀ gbọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọmọ Kábà kankan tó ti inú ìwé mọ ohun tí wọ́n ń pè ní imọ̀ ọ̀pẹ. Ó rù ú ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin òbí ará Òkun tó wà ní pàríìṣì òkèèrè: láti Ọjọ́rú Eléérú títí dé Gálílì, ọjọ́ kejì Àjíǹde, iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọdé lè ṣe, èdè sì ń bá iṣẹ́ wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú. Imọ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n ń sun. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 18, oṣù Kejì ni Ọjọ́rú Eléérú. Nílé, ìgbà yẹn ni kajú ń já bọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti gbẹ imọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn débi pé ìṣáná kan ti tó. Níbí, ọ̀rinrin inú ilé kì í jẹ́ kó gbẹ, tí wọ́n bá sì dáná sí i, èéfín ló máa ń rú. Torí náà, ẹ kéde rẹ̀ ní Sọ́ńdè méjì ṣáájú, kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ yọ rìbọ́ọ̀nù, ọ̀rá àti pín-ìnnì kúrò lára wọn. Ẹ tẹ́ imọ̀ náà sórí irin tó ń mú ilé móoru fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì gé e sí wẹ́wẹ́. Ìta ni kí ẹ ti sun ún, nínú agolo onírin tó jìn, díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ da ìdérí bò ó kó lè dúdú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí, yóò di eérú funfun tí kì í lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọ̀ ọ́ nìyí. Àwọn kan á da omi sí i lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, kó lè rọrùn láàárọ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi tó bá eérú sùn máa ń ta. Ó ti bó iwájú orí àwọn èèyàn rí. Ẹ lò ó ní gbígbẹ, tàbí kí ẹ kán òróró bíi mélòó kan sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kí Mísà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ni kó di asẹ́ mú. "Ṣé ó ti kúnná?" "Kò tíì kúnná." Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti mọ eérú, asẹ́, sẹ́ àti kúnná, kò sì sí ẹni tó pè é ní kíláàsì. Nígbà tí Fádà bá fi ìka kàn án lórí pé erùpẹ̀ ni, erùpẹ̀ ni yóò sì padà di, ó mọ ohun tó wà lára ìka yẹn.

Òfin àwẹ̀ kò gùn. Ẹni ọdún 18 sí 59 ló ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Eléérú àti lọ́jọ́ Ẹtì Mímọ́: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìjẹpanu méjì tí àpapọ̀ wọn kò tó oúnjẹ kan. Láti ọdún 14 sókè ni wọ́n ti ń yẹra fún ẹran. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá yíyẹra fún ẹran padà sí gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti oṣù Kẹsàn-án 2011, kì í ṣe inú Lẹ́ńtì nìkan. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ imọ̀ ló máa ń mú àárò ilé sọ wá jù. Ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan á ti fi igbà gun ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, á gé màrìwò tí kò tíì là tán, aláwọ̀ bí bọ́tà. Wọ́n á fi àpò tó tutù wé e, wọ́n á gbé e síbòòji. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, gbogbo òpópónà á funfun fún màrìwò, òórùn tútù rẹ̀ á gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbí, inú páálí ló ti ń jáde, ó ti gbẹ, ó ń dún bíi bébà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ká a lẹ́ẹ̀kan, á kán. Ohun tí a fi ń gbà á là ni pé lálẹ́ Sátidé, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó rin dáadáa wé gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Á rọ̀.

Àgbélébùú tó rọrùn jù fún ọmọdé: ẹ gé ọ̀kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, àti ọ̀kan tó tó 12. Ní ìdá mẹ́ta ọ̀kan láti òkè èyí tó gùn, ẹ fi èékánná la ojú kékeré síbẹ̀, ní ìtọ́sọ́nà iṣan ewé, kí ẹ ki kúkúrú bọ inú rẹ̀. Bí ojú náà bá fẹ̀ ju ìbú ewé lọ, ọwọ́ àgbélébùú á máa yọ̀. Bó bá sì ya dé etí, ẹ mú òmíràn. Tí ẹ bá rí ewé tútù gidi, ẹ kọ́kọ́ yọ egungun àárín rẹ̀. Kí ẹ má jù ú nù: ẹ kó mẹ́wàá jọ, ẹ dì í, ẹ fi han ọmọ pé ìgbálẹ̀ ilé Màmá àgbà nìyẹn. A ti rí ojú ọmọ kan tó là sí i lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ aago o. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú níbí, lọ́dún 2026 ó sì bọ́ sí ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ gan-an, ọjọ́ 29. Ẹni tí kò bá sún tirẹ̀, inú kíka Ìjìyà Olúwa ló máa bá ìjọ.

Lọ́jọ́bọ̀ Mímọ́, ẹsẹ̀ wíwẹ̀. Láti 2016 ni Póòpù Francis ti là á sílẹ̀ pé àwọn obìnrin pẹ̀lú lè jókòó fún un. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú fúláásì ni kí ẹ gbé wá, torí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tutù bíi yìnyín, kí ẹ sì sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Lẹ́yìn orin Glóríà alẹ́ yẹn, agogo ò gbọdọ̀ dún mọ́ títí di Àìsùn Àjíǹde. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí Mísà rárá: Ìjìyà gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ti kọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá, bíbọlá fún àgbélébùú, àti gbígba Ara Kristi tí wọ́n ti yà sí mímọ́ lálẹ́ àná.

Àìsùn gan-an ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí ojúmọ́ tó mọ́. Ní Kábà, aago 7 kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Níbí, oòrùn oṣù Kẹrin kì í tètè wọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń fà lẹ́yìn rẹ̀, torí náà aago 8 ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ pàríìṣì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn lọ́sàn-án. Ọjọ́ Àjíǹde 2024 ni aago tún yí, 28 oṣù Kẹta 2027 náà yóò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó délé láàárín òru á tún pàdánù wákàtí kan nínú oorun.

Igi iná ìta, ẹ gbé e sínú ilé fún ọjọ́ méjì kó gbẹ. Ẹ má da pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì sí i láé. Aṣọ àlùfáà gùn, afẹ́fẹ́ ò sì ṣeé fọkàn tán. Garawa yanrìn wà nítòsí. Èédú túràrí, ẹ ti kó o síná ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ túràrí á kàn yọ́ lásán láìrú. Igi ìtanná tó gùn tó apá ni kí ẹ fi mú iná sára àbẹ́là Àjíǹde, torí èyí tó kúrú ń jó ọwọ́. Àbẹ́là tuntun ni lọ́dọọdún, oníìda gidi, tí wọ́n fín àgbélébùú, Álífà àti Òmégà, àti nọ́ńbà ọdún sí, pẹ̀lú hóró túràrí márùn-ún. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò márùn-ún náà sílẹ̀. Bí Fádà bá fi agbára tì í bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, ìda á sán.

"Ìmọ́lẹ̀ Kristi" lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú pẹpẹ. Ìgbà kejì ni àwọn èèyàn ń tan tiwọn. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí kó tó dé ibẹ̀: àbẹ́là tó ti ń jó kì í tẹ̀, èyí tí kò tíì jó ló ń tẹ̀ wá bá a. Bí wọ́n bá yí i padà, ìda gbígbóná á kán sọ́wọ́. Wọ́n á ka ẹ̀kọ́ méje láti inú Májẹ̀mú Láéláé. Bí àkókò ò bá sí, ó kéré tán mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fo Ẹ́kísódù, níbi tí wọ́n ti la òkun já.

Nígbà tí Glóríà bá wá dé, níbí, ọmọ pẹpẹ kan á mi agogo kékeré fún ìṣẹ́jú kan, ó parí. Nílé, agogo, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ẹsẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìyá á bọ́ gèlè jù sókè.

A ò ní parọ́ fún ara wa nípa ilé ṣá. Òru tí à ń sọ yìí ti di ohun ẹ̀rù lójú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Kogí. Fádà kan ló ń bójú tó ìjọ ẹ̀ka púpọ̀, katikíìsì ló ń gbé àdúrà Sọ́ńdè ró níbi tí Fádà kò lè dé, àwọn ajínigbé sì ti mú kí ẹni tó fẹ́ rin ìrìn òru kọ́kọ́ ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè gun ọ̀pẹ ti lọ sí Àbújá, sí Èkó, sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Màmá tó dá nìkan wà ní Ògìdì tàbí ní Ìsánlú á jókòó ti fóònù láàárọ̀ Àjíǹde, iyán tó gún, ti ẹnì kan ni. Àwa á wa ọkọ̀ délé láàárín òru láìsí ẹni tó bi wá pé ṣé a ti délé. Ìtura yẹn máa ń korò lẹ́nu. Bí ọmọ bá wá ní èdè ìyá yẹn kì í ṣe tòun, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí àwa kò bá sí?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀bẹ̀ náà. Àṣìṣe àwa àgbà ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ìdánwò ni wọ́n fún ọmọ ní ìwé tó kún fún àmì ohùn. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, a ń kọ ẹ̀bẹ̀ tí kò ju ọ̀rọ̀ 12 lọ. A ń fi ránṣẹ́ sí Màmá àgbà lórí WhatsApp, òun á kà á ní Yorùbá ìwé, á tún sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀, méjèèjì nínú ohùn kan náà. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, òun náà á ka tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ má dá sí àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí Màmá àgbà ṣe é. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, ìlà mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó dúró sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ṣófo. Bí kò bá fẹ́ síbẹ̀, kó gbé àbẹ́là, kó dúró ti ẹni tó ń kà á. Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ṣì ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé Gálílì, ìjọba ti fún yín ní ìsinmi, ṣùgbọ́n òpópónà á dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ má jókòó sílé. Ìdílé mẹ́ta ti tó: ìrẹsì, ẹja, ẹní kan, pápá ìtura tó bá sún mọ́ yín, níbi tí ewé tuntun ti ń rú.

Kí ẹ tó jáde, ẹ gbé imọ̀ ọdún yìí kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 10, oṣù Kejì, 2027 ni Ọjọ́rú Eléérú tó ń bọ̀. Ọmọ tó dá ìwé padà yẹn ti ní òun lòún máa di asẹ́ mú.