Àgbò Iléyá Ló Gbé Mi Dé Illinois

Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin Amtrak ní Union Station ní Chicago, tẹ́ ẹ kọjú sí gúúsù, kò pẹ́ tílé gogoro á fi tán, àgbàdo ló kù tẹ́ ẹ máa máa rí, àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, èmi ọmọ Ìbàdàn tí mo dàgbà sáàárín òkè, ojú mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Bó ṣe rí nìyẹn títí mo fi dé Champaign, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fẹ́lóṣíìpù ìgbà ooru tí mo lọ fún, ìyẹn ètò tó ń kó àwọn olùwádìí jọ síbì kan láti jọ yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Fáwọn tí ò mọ̀ nípa ẹ̀, àjọ kan tó ń jẹ́ Animals & Society Institute ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2007, torí àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àjọṣe èèyàn àti ẹranko. Ó ti gbé ní yunifásítì bíi mélòó kan, Wesleyan ní Connecticut wà lára wọn, kó tó bọ́ sí University of Illinois ní Urbana-Champaign lọ́dún 2017. Àwọn tó ń parí PhD lọ́wọ́ àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ló wà fún. Kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì nìkan o, ẹ máa bá òpìtàn ńbẹ̀, ẹ máa bá ayàwòrán àti lọ́yà, kálukú á gbé iṣẹ́ ẹ̀ kalẹ̀, àwọn tó kù á tú u wò fínnífínní.

Àgbò Iléyá ni tèmi. Mò ń kọ̀wé lórí àwọn ọmọdé àti àgbò n'Ìbàdàn, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fà á wọlé títí dọjọ́ tí wọ́n máa pa á. Ẹni tó dàgbà nílé Mùsùlùmí, àbí tó kàn gbé nítòsí ẹ̀, mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ọmọ á dé láti iléèwé, kò ní bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó ti já ewé fún un, ó ti lọ tọrọ èèpo iṣu lójúlé kejì, nírọ̀lẹ́ wọ́n á fa àgbò pàdé ara wọn ládùúgbò, àwọn méjèèjì á tàdí mẹ́yìn, wọ́n á kàn gbà, ariwo á sọ. Lọ́jọ́ Iléyá, ọmọ yẹn náà lẹ máa bá lẹ́yìnkùlé tó ń sunkún, tó bá di ọ̀sán ó ti ń jẹ ẹran díndín. Àwọn kan ní ó ti gbàgbé nìyẹn. Èmi ò gbà, torí àwọn àgbàlagbà tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ṣì ń sọ àwọ̀ àgbò ìgbà èwe wọn fún mi, èyí tórí ẹ̀ dúdú tídìí ẹ̀ funfun, èyí tí ìwo ẹ̀ kán.

Kí n tó kúrò ní Chicago, mo ti lọ wo ẹnubodè Union Stock Yards. Ọjọ́ Kérésìmesì 1865 ni wọ́n ṣí ọjà ẹran yẹn, nígbà tó fi máa di 1890, ẹran tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ọdún 1971 ni wọ́n tì í pa. Ẹnubodè òkúta yẹn wà lára ìwọ̀nba nǹkan tó ṣẹ́ kù, wọ́n gbẹ́ orí màlúù sókè ẹ̀. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé láyé ìgbà yẹn, àlejò máa ń wá wo bí wọ́n ṣe ń pa ẹran, wọ́n á mú wọn káàkiri, ọmọdé náà ń wá. Mo sọ ọ́ nígbà tá à ń jẹun ní Urbana, obìnrin kan tó jókòó tì mí ní òun ń jẹ ẹran látìgbà tóun ti gbọ́njú, òun ò fojú rí ibi tí wọ́n ti pa kankan rí. Ẹlòmíì ní tọ́mọdé bá ń wo irú ẹ̀, ọkàn ẹ̀ á le. Mo ní ká fi ti àgbò Iléyá wé e: ọmọ tó sunkún yẹn, ọkàn ẹ̀ le àbí ó rọ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ò tán títí tá a fi dìde.

Àmọ́ dókítà ẹranko kan tó wà láàárín wa ló bá mi débi tọ́rọ̀ wà. Ó ní nínú gbogbo nǹkan tí mo kọ, ọmọ lòun ń rí, àgbò dà? Ló bá sọ̀rọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Babraham nítòsí Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2001, pé àgùntàn lè dá ojú àádọ́ta àgùntàn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì rántí wọn fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Lọ́dún 2017 wọ́n tún kọ́ àwọn àgùntàn ní Cambridge láti dá ojú èèyàn mọ̀ nínú fọ́tò, ojú Obama wà ńbẹ̀.

Mi ò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbò tí tírélà ń kó bọ̀ láti òkè ọya ni mò ń rò, tí wọ́n á já wọn sílẹ̀ lọ́jà, ọ̀kan á lọ sí Mọ́kọ́lá, ọ̀kan á lọ sí Bẹẹrẹ, gbogbo ojú tó mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i á pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Igbe tó máa ń ké lálẹ́ àkọ́kọ́ lórí èèkàn, ṣebí a máa ń sọ pé òùngbẹ ni, a ó gbé omi síwájú ẹ̀. Ọmọ tó ń fún un ní èèpo iṣu yẹn lè jẹ́ ojú tuntun àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ nínú ilé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ nìkan ló mọ àgbò, àgbò náà mọ ọmọ, a sì gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn síbẹ̀ kó tó lè jẹ́ òótọ́ pátápátá. Orí tí mò ń kọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún un kọ.

Ní báyìí, èmi àti dókítà ẹranko kan n'Ìbàdàn ti ṣàdéhùn, tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé a ó jọ lọ sọ́jà àgbò, a ó tẹ̀ lé díẹ̀ nínú wọn délé, ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe lálẹ́ àkọ́kọ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ilé bá ti mọ́ wọn lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ajá ọdẹ, lórí ẹṣin Ọ̀yọ́, lórí adìyẹ tí ìyá yín ń sìn pàápàá, ẹ wá irú fẹ́lóṣíìpù báyìí kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí wọn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ṣàlàyé àṣà wa nìkan, wọ́n máa bi yín nípa ẹranko yẹn fúnra ẹ̀, nǹkan tó ń jẹ, nǹkan tó ń bẹ̀rù, ẹni tó mọ̀. Ẹ lọ jókòó tì í dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ̀wé.