Ayùn ẹlẹ́ni méjì: eyín ló ń rẹ́ igi, kì í ṣe agbára

Bí ẹ bá bá àwọn tó ń rẹ́ igi ìdáná pàdé lẹ́bàá oko kòkó lọ́nà Ọ̀dà, l'Àkúrẹ́ níbí, ẹ má tíì wo apá wọn. Ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ohun tó ń bọ́ lẹ́nu ayùn bá gùn, tó ká bí èèpo iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó, ayùn yẹn mú. Bó bá kúná bí ẹ̀lùbọ́, wọ́n kàn ń fi ara ṣòfò ni.

Oríṣi eyín méjì ló wà lẹ́nu ayùn ẹlẹ́ni méjì yìí, èyí tí wọ́n fi ń dá igi ní ìbú. Àwọn kan mú ṣóńṣó bí ọ̀bẹ. Àwọn ló ń gé fọ́nrán igi lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn kejì wà láàárín wọn, wọ́n ń ha ohun tí àwọn tàkọ́kọ́ gé, wọ́n sì ń kó o jáde. Eyín tó ń kó yìí gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ sí èyí tó ń gé. Fún igi líle bí ayin, kí ìyàtọ̀ náà má ju nǹkan bíi mìlímítà 0.3 lọ. Bí ẹ bá ń pọ́n eyín tó ń gé, kíkúrú ló ń kúrú. Tí ẹ ò bá wá fi fáìlì rẹ àwọn tó ń kó sílẹ̀, wọn á dọ́gba, ayùn ò sì ní wọ igi mọ́. Wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ayùn náà ò gbó rárá.

Ẹ má fi ayùn àwọn làgílàgí àtijọ́ dá igi o, èyí tí ẹnì kan ń dúró lókè, tí èkejì wà nínú kòtò. Òòró igi ni wọ́n ṣe é fún. Ní ìbú, ńṣe ni yóò máa fa fọ́nrán ya.

Ẹ tún wo bí eyín tó ń gé ṣe tẹ̀: ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí ojú ibi tí ayùn ń gbà lè fẹ̀ ju ara ayùn lọ. Bí kò bá tẹ̀ tó, ayùn á há. Bó bá tẹ̀ jù, igi tí ẹ máa rẹ́ dànù á pọ̀ sí i.

Igi tó gbé orí nǹkan méjì, tí àárín rẹ̀ ṣófo, ló ń há ayùn jù. Bí ẹ ṣe ń rẹ́ àárín rẹ̀, ojú òkè á máa pa dé. Gbàrà tí ẹ̀yìn ayùn bá ti wọlé tán, ẹ ki pákó tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó ni o, kì í ṣe irin. Bí eyín bá kan irin, ó bà jẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí igi ló yọ síta, fúnra rẹ̀ ni yóò la ẹnu, àmọ́ ẹ fa ìparí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má baà fà ya. Ẹ kọ́kọ́ fi àdá bó èèpo tó bá ní yanrìn, torí yanrìn ló ń pa eyín jù.

Ní ti fífà: fà, má tì. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ẹ bá tì í, á tẹ̀ kọdọrọ. Bí ẹ bá ti fà á dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ dẹ ọwọ́, kí ẹnì kejì gbà á. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ti tó. Ẹ fà á gùn kí gbogbo eyín lè ṣiṣẹ́. Bí oje bá lẹ̀ mọ́ ọn, bíi ti igi rọ́bà, ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nù ún.

Ìgbà tí igi bá tútù ni kí ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì là á. Ayin tó gbẹ dà bí òkúta. Kí ẹ gé e ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ó tó fún ààrò ilé. Igi kòkó àti ọsàn náà dára. Àràbà fúyẹ́, kíá ló ń jó tán. Ẹ to igi tí ẹ là sórí igi méjì kó má kan ilẹ̀, kí ojú tí ẹ rẹ́ kọ sí afẹ́fẹ́, kí ọyẹ́ fẹ́ ẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ti sán, ẹ mú méjì kan ara wọn. Bó bá dún kó, ẹ gbé e lọ sí ìdí ààrò. Bó bá dún bù, ẹ dá a padà.