Ohun tí mo kọ́ nípa probiotics nígbà tí inú ń run ọmọ mi

Ọmọ mi kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹkún náà bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ń tó aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ará àdúgbò wa ní Òkè-Àró níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ń ti ọjà bọ̀, yóò di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì figbe ta títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà mìíràn títí di aago mẹ́wàá. Mo fún un lọ́mú, ó kọ̀ ọ́. Mo pọ̀n ọ́n, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọmọ yìí kan náà a mu ọmú dáadáa, a tọ̀, a sì sùn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ọmú nìkan ni mo ń fún un, n kò fi omi kún un. Àwọn ìyá tí wọ́n wà nínú irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni mo ń kọ èyí fún, nítorí owó tí mo ná dànù àti òru tí mo fi ṣòfò kí n tó mọ ohun tí ó yẹ kí n béèrè kò kéré.

Ohun kan tí mo ṣe tí n kò kábàámọ̀ ni pé mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí n tó ra ohunkóhun. Dókítà náà ní kí n bọ́ gbogbo aṣọ ọmọ. Ó fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìpá wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wò wọ́n lábẹ́ iná. Mo béèrè ohun tí ó ń wá. Ó ní irun orí ìyá a máa já lẹ́yìn ìbímọ, pé fọ́nrán irun kan ṣoṣo lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ kí ó sì fún un pinpin títí ìka náà yóò fi wú, ọmọ yóò sì máa ké láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó wọn ọmọ, ó rí i pé ó ń sanra bí ó ti yẹ, ó wá sọ fún mi pé colic ni, èyí tí àwa ń pè ní inú rírun ọmọ ọwọ́.

Láti ọdún 1954 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Morris Wessel ti fi òdiwọ̀n lé e: ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó ń ké ju wákàtí 3 lọ lóòjọ́, ní ohun tí ó ju ọjọ́ 3 lọ lọ́sẹ̀, fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, a máa le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná tó ìwọ̀n 38, bí ó bá ń bì ohun aláwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá wú sókè, bí kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́ tàbí tí ìlédìí rẹ̀ gbẹ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe jókòó sílé ka ẹkún. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Oǹdó láti bá wa wẹ ọmọ, ìfẹ́ tí wọ́n sì ní sí ọmọ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí a se àgbo ewé ẹfinrin. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má ṣe é, wọ́n ní kí a ra gripe water, tí àwọn fúnra wọn fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. William Woodward ni ó ṣe gripe water ní ìlú Nottingham ní England ní ọdún 1851, ọtí sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ ayé àtijọ́ ń sùn bí wọ́n bá mu ún tán. Ẹ̀rù oògùn olómi tí a kò mọ orísun rẹ̀ tún ń bà mí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ní òpin ọdún 2008, nígbà tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wọ inú oògùn eyín ọmọdé kan, tí ó sì pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 80.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ mi sọ lẹ́yìn ìyẹn ni ó mú mi ronú jù. Wọ́n gbọ́ tí èmi àti ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ nípa probiotics tí dókítà dárúkọ fún mi, pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n wà láàyè ni, tí wọ́n ń ṣe inú láǹfààní. Màmá wò mí, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe kòkòrò yẹn náà ni ó ń mú ògì kan? Èyí tí ó wà nínú ìkòkò wa ni ẹ̀yin fẹ́ lọ fi owó gọbọi rà?” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹbí Lactobacillus ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń mú ògì kan, a sì mọ omi orí ògì gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú inú. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a kò mọ èyí tí ó wà nínú ìkòkò náà gan-an, a kò mọ iye rẹ̀, a kò sì mọ ohun mìíràn tí omi àti ọwọ́ wa ti kó sínú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sì gbọdọ̀ mu ohun mìíràn ju ọmú lọ, àfi oògùn tí dókítà bá fọwọ́ sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dára.

Èsì tí mo fún Màmá yìí ni ó wá di ẹ̀kọ́ tèmi náà, nítorí èmi fúnra mi kò tẹ̀ lé e nígbà tí mo dé ọjà. Ní ilé oògùn àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, mo kàn ní mo fẹ́ probiotics ọmọdé. Wọ́n mú ìgò oníkóró kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí lára, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n ní kí n máa ṣí kóró náà kí n sì máa da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo san owó, mo gbé e délé. Nígbà tí mo ka ara ìgò náà tán, oríṣi kòkòrò mẹ́jọ ni mo rí, kò sì sí èyí tí dókítà dárúkọ nínú wọn. N kò fún ọmọ mi ní ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Gbogbo wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n ti dán wò jù fún inú rírun ọmọ ọwọ́ ní orúkọ àti nọ́ńbà: Lactobacillus reuteri DSM 17938. Láti ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ ti yí orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Limosilactobacillus, nítorí náà ẹ lè rí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára páálí. Inú ọmú ìyá kan ní orílẹ̀-èdè Peru ni wọ́n ti rí ìyá ńlá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ àwọn apá tí ó lè jẹ́ kí ó máa borí oògùn apakòkòrò kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà tuntun yìí. Ní ọdún 2007, Francesco Savino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Turin ní Ítálì gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń mu ọmú: wọ́n fún àwọn kan ní reuteri, ìyẹn ìyá ńlá rẹ̀ tí wọ́n rí ní Peru, wọ́n fún àwọn yòókù ní simethicone, oògùn tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ inú ká. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 28, ẹkún ti dín kù gan-an lọ́dọ̀ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gba reuteri, ṣùgbọ́n ìdá 7 péré ni nínú àwọn yòókù.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ̀tàn ni n bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ní ọdún 2014, Valerie Sung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, Australia, dán an wò lára ọmọ 167, tí àwọn kan nínú wọn ń mu ọmú, tí àwọn mìíràn ń mu mílíìkì inú agolo, wọn kò sì rí àǹfààní kankan. Nígbà tí ó di ọdún 2018, wọ́n kó àbájáde ìwádìí mẹ́rin pọ̀, ọmọ 345 lápapọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: àwọn ọmọ tí wọ́n ń mu ọmú jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó fún àwọn tí wọ́n ń mu mílíìkì inú agolo. Lápapọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹkún àwọn tí wọ́n gbà á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lóòjọ́ dín kù ju ti àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kán òfo, tí kò sí kòkòrò náà nínú rẹ̀, lọ. Ìṣẹ́jú 25 kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá ti gbé ọmọ tí ń ké rìn yí iyàrá ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ bí ìṣẹ́jú 25 ṣe gùn tó.

Ilé oògùn kejì, ní òpópónà Ọba Adésidà, ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Mo kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, mo sì gbé e fún apoògùn. Òun ni ó kọ́ mi láti wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n kọ sára páálí, nítorí ohun alààyè ni ó wà nínú ìgò náà, ooru sì lè pa á. Ní ìlú tí iná ọba ń lọ tí ó ń bọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí fìríìjì wa kò bá tutù mọ́, mo máa ń fi ìgò náà sínú ọ̀rá méjì, mo máa ń so ó dáadáa, mo sì máa ń gbé e sínú abọ́ omi tútù ní igun iyàrá tí oòrùn kì í dé.

Ẹ̀kán márùn-ún lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni, èyí tí kòkòrò alààyè mílíọ̀nù 100 wà nínú rẹ̀. Òróró ni wọ́n fi pò ó, nítorí náà mo máa ń mi ìgò náà dáadáa, mo máa ń dorí rẹ̀ kodò, mo sì máa ń dúró. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ kì í tètè bọ́, bí èèyàn bá sì kánjú tẹ̀ ẹ́, a di méje tàbí mẹ́jọ nínú ṣíbí. Mo ń fún un láàárọ̀ kí ó tó mu ọmú. Kò gbọ́dọ̀ kan ohun gbígbóná.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ aago tí ẹkún bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó dáwọ́ dúró sínú rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, n bá ti jáwọ́ ní ọjọ́ kẹfà, nítorí nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí ìyàtọ̀ kankan: ìṣẹ́jú 190, ìṣẹ́jú 175, ìṣẹ́jú 200. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wákàtí méjì. Ní ọjọ́ 20, mo kọ ìṣẹ́jú 55, mo sì sunkún fúnra mi. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ti ń wọ ọ̀sẹ̀ kẹjọ nígbà náà, àkókò tí inú rírun yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò lè búra pé ẹ̀kán márùn-ún ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, bí kò bá sì sí ìyípadà, kí ẹ dá owó yín dúró.

Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù tàbí tí àìsàn ń ṣe kì í ṣe ti ìyá láti dán èyí wò fún nílé. Ní ọdún 2023, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn nípa fífún àwọn ọmọ tí kò pé oṣù ní probiotics, lẹ́yìn ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan.

Àwọn aládùúgbò kan sọ fún mi pé ọmú mi ló korò, pé kí n gbé ọmọ sórí mílíìkì inú agolo. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ẹkún ọmọ lọ, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún pé kí ó má gbà á, nítorí ọmọ tí ń mu ọmú gan-an ni ẹ̀rí fi hàn pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Ní àwọn alẹ́ tí agbára mi tán, mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí ọwọ́ mi kò fi gbọ̀n mọ́. A kì í mi ọmọ jìgìjìgì láé, bó ti wù kí ó ké tó. Ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á.

Nígbà tí Màmá ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Oǹdó, wọ́n pè mí sí iyàrá. Ọmọ àbúrò wọn kan ti súnmọ́ ìkúnlẹ̀. Wọ́n gbé ìwé kan sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kọ orúkọ kòkòrò náà àti nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà, kí ojú àwọn lè ríran kà á fún apoògùn.