Wọ́n ní ká san 40,000 torí ìgbẹ́ tí ò kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fọ́tò wa ní Asejire nítòsí Ìbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń kọ "ẹ̀ ń jayé o" sábẹ́ ẹ̀, ẹ ṣé, a jayé lóòótọ́. Atẹ́gùn tútù, ẹja díndín gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo ẹ̀ pé. Ohun tí fọ́tò ò fi hàn yín ni nǹkan tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi dòní.

Bọ̀dá mi ló gbé bọ́ọ̀sì yẹn dé láti Jámánì. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, ibi ìdáná wà, síǹkì, ṣáwà, àti ilé ìgbẹ́ kan tó há débi pé èèyàn gíga á máa fi orúnkún ti ilẹ̀kùn. Tánkì méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀kan ń gba omi àwo àti omi ìwẹ̀, èkejì ń gba ti ilé ìgbẹ́, 60 lítà. Ní Jámánì lọ́hùn-ún, ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti ń páàkì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ihò sílẹ̀ dè yín, ẹ óò so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. Ìbàdàn ńkọ́? Sọ́kàwéè ni kálukú gbẹ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀, ta ló fẹ́ kí àlejò wá fi tiẹ̀ kún un?

Omi àwo ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ìyàwó bọ̀dá mi gbé asẹ́ ògì dání láti ilé, gbogbo èèpo àlùbọ́sà àti egungun ẹja ló ń sẹ́ kúrò, tó bá wá rí àwo tí epo ẹ̀fọ́ wà lára ẹ̀ á kọ́kọ́ fi tíṣù nù ún. Tá a bá fẹ́ da omi náà nù, a ó gbé e jìnnà sí odò dáadáa, ó kéré tán 60 mítà, sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọ tó ni ilẹ̀ tá a páàkì sí ń fi wá rẹ́rìn-ín, àmọ́ Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé níbẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń fà wá sí ìgboro Ìbàdàn fún mímu láti nǹkan bí 1972, ṣé kí n wá da omi àwo sínú omi tí màá tún mu ni?

Ti ilé ìgbẹ́ ló dójú ẹ̀. Iná pupa tàn pé tánkì ti fẹ́ẹ́ kún, ooru sì mú lọ́jọ́ yẹn, ẹ sáà fojú inú wo òórùn. A dé ilé epo kan, a bèèrè bóyá wọ́n á gbà wá láyè, ọmọkùnrin ibẹ̀ ní ká dúró dalẹ́, ká ṣí i sí gọ́tà, ta ni á rí wa? Kò tilẹ̀ ṣàwàdà. Gọ́tà tó ń wọ odò, odò tó ń gba àárín ìlú kọjá! Ìyá wa tó wà ní Ìbàdàn nígbà tí odò Ògùnpa kún ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omi gbé èèyàn lọ bí ẹni gbé ewé, kì í jẹ́ ká da ike omi lásán sí gọ́tà. Òjò kan ṣoṣo ni, nǹkan tẹ́ ẹ dà síbẹ̀ á wọ kànga ẹlòmíì, onígbáméjì dé nìyẹn.

Ẹnì kan wá fún wa ní nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi tánkà fa sọ́kàwéè. Ó bá wa lápá Ìwó Róòdù. Ó yí bọ́ọ̀sì ká, ó wo táyà, ó wo gíláàsì, ó wo bàtà bọ̀dá mi, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ wo tánkì.

"Ọ̀gá, 40,000."

Mo ní fún kí ni? Kíní yìí ò kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta! Ó ní bó kún bí ò kún, dísẹ́ẹ̀lì kan náà ni òun máa jó. Mo ní 10,000. Ó rẹ́rìn-ín, "Alàgbà, mọ́tò òyìnbó lẹ gbé wá, owó ọ̀kadà lẹ sì ń ná." Bọ̀dá mi, tí ìnájà máa ń tì lójú, ti fẹ́ẹ́ san 25,000 ni ìyàwó ẹ̀ bá bi í pé, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ máa lọ dà á sí? Ó ní, "Màdámù, tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ìyẹn ò kàn yín mọ́." Ó sì gbójú sápá ibòmíì. Mi ò ní gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n onítánkà tí ò lè sọ ibi tó ń lọ, inú igbó tàbí odò ló ń lọ. Ṣé kí n san 25,000 kó lọ bá mi ṣe ohun tí mo kọ̀ láti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni? A gbé mọ́tò wa kúrò níbẹ̀.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ẹgbẹ́dá ló gbà wá. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu wọn jáde lẹ́yìn "ẹ káàbọ̀, ọmọ mi" ni, "Kẹ́míkà wo lẹ dà sí i?"

Mo ní kò sí, Mà. Wọ́n ní ká búra. "Torí tẹ́ ẹ bá fi Izal tàbí kíní búlúù yẹn dà á sínú sọ́kàwéè mi, ẹ ó pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, yóò kún kí ọdún tó yí po, èmi ni n ó sì pe onítánkà." Òótọ́ ni Mama sọ. Bọ̀dá mi ní ike kíní búlúù ọ̀hún nílé, èyí tí wọ́n máa ń dà sí ilé ìgbẹ́ mọ́tò kó má baà rùn, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ ti ka ara ike náà, ó rí formaldehyde, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Omi púpọ̀ là ń lò dípò ẹ̀, ká má sì ṣí tánkì díẹ̀díẹ̀, kó fẹ́ẹ́ kún kẹ́ ẹ tó ṣí i kí gbogbo ẹ̀ lè ya lọ lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á gan mọ́lẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti sùn.

Ọmọ-ọmọ Mama fi irin gbé ọmọrí kọnkéré, èmi di họ́ọ̀sì mú, bọ̀dá mi ṣí i. Ó dún gbùlù gbùlù, ó dá dúró. Ẹ fọwọ́ bo imú kẹ́ ẹ tó ka ibi yìí: wáìpù ọmọdé ló há sẹ́nu họ́ọ̀sì. Mo wọ gílófù méjì léra, mo fi igi fà á jáde, gígùn ẹ̀ ò lópin. Ọmọ tó jù ú síbẹ̀ ò jẹ́wọ́ títí di báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ṣàn wàà, a sì ṣí tánkì omi ìwẹ̀ tẹ̀ lé e kó lè fọ họ́ọ̀sì mọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn o. Ẹ má sì fi họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fi ń bu omi mímu débẹ̀ láéláé.

Mo wò yí ká, kànga Mama wà lókè pátápátá, sọ́kàwéè wà nísàlẹ̀ ọgbà. Mo fún wọn ní 5,000. Wọ́n dá 2,000 padà, wọ́n ní owó omi tá a fi fọlẹ̀ làwọn gbà, tá a bá tún ń bọ̀, ká pè wọ́n kó tó di pé iná pupa tàn, ká má sì wá lálẹ́ káwọn ará àdúgbò má baà rò pé olè ni wá.

Lọ́jọ́ kejì a dúró jẹ àmàlà ní Bódìjà. Gbẹ̀gìrì ẹ̀ dáa, ẹran ẹ̀ kéré sí owó ẹ̀. Ọmọ bọ̀dá mi fẹ́ tọ̀, wọ́n gba 200 lọ́wọ́ wa fún ilé ìgbẹ́ tí ò lómi, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò sì tì. Ọmọ yọjú wò ó, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ lo ti bọ́ọ̀sì," wọn ò sì dá 200 wa padà.