Òrùlé Páànù Tí Ó Ń Jò: Kí A Tún Un Ṣe Ni, Àbí Kí A Ṣí I Kúrò?

Bí páànù bá ń jò, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bi káfíńtà ni iye tí yóò gbà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, kí ló bàjẹ́ gan-an: ṣé ìṣó ni, ṣé páànù fúnra rẹ̀ ni, àbí igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Èmi ni mo ń bójú tó ilé tí bàbá wa kọ́ sí Òkè-Àdó ní Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, páànù onírin tí wọ́n kàn sí i nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, káfíńtà kan ní kí a ra ọ̀dà dúdú kí òun fi dí i, òmíràn ní kí a ṣí gbogbo rẹ̀ dànù kí a ra longspan, ìyẹn páànù alumíníọ̀mù gígùn. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí ó wọ inú àjà kí ó tó sọ̀rọ̀. Abẹ́ òrùlé ni a ti ń mọ̀ bóyá àtúnṣe tó, kì í ṣe ìta gbangba.

Ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀sán gangan, ní ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ gbé àkàbà, kí ẹ wọ inú àjà, kí ẹ má sì tíì tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ títí òkùnkùn ibẹ̀ fi mọ́ ojú yín lára, gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ ni omi ń gbà wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi níbi tí ìṣó wà, ihò ìṣó ni ó fẹ̀, àtúnṣe sì ni ìyẹn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ wínníwínní, tí ó tàn ká gbogbo ojú páànù kan bí asẹ́ tí a gbé sókè sí oòrùn, irin ti tán lára páànù náà, kò sí ohun tí a fẹ́ fi dí i tí yóò dúró. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì wo igi.

Káfíńtà àgbà kan tí mo padà mú wá ni ó kọ́ mi ní èyí. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe òrùlé apá iwájú ilé wa. Nígbà tí bàbá náà ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó kọjá sí apá ẹ̀yìn, lókè yàrá ìdáná, ó gún igi kan tí ojú rẹ̀ dán dáadáa, ọ̀bẹ sì wọlé títí dé èèkù. Nígbà tí ó fà á yọ, erùpẹ̀ ikán ni ó tẹ̀ lé e. Èèpo igi náà nìkan ni ó kù, inú rẹ̀ ti ṣófo pátápátá. Ó ní, “Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí páànù tí ó wà lókè ibí yìí. Kí ni ìṣó fẹ́ dì mú níbẹ̀?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí igi bá ti lọ, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti tán ní apá ibẹ̀, bí páànù rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ní ti páànù fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń bàjẹ́. Irin ni páànù àtijọ́, síńkì tín-ín-rín ni wọ́n fi bò ó lójú. Síńkì yìí ni omi àti afẹ́fẹ́ ń kọ́kọ́ jẹ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá sì ṣì wà níbẹ̀, irin kì í dógùn-ún, kódà bí nǹkan bá ha á lójú díẹ̀. Nítorí náà, páànù tí ó kàn ṣú, tí kò dán mọ́, kò tíì bàjẹ́. Ìgbà tí síńkì bá tán ni ìdógùn-ún bẹ̀rẹ̀, ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ni ó sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé omi máa ń pẹ́ láàárín wọn, àti ibi tí ewé máńgòrò bá ti kóra jọ tí ó sì rà. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ni ó dógùn-ún, tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí kò tẹ̀, a lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí a fi ọ̀dà tí a ṣe fún irin kùn ún, yóò sì tún lo ọdún díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti ń ṣí ní ìpele-ìpele, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ náà ti pupa, owó ọ̀dà yẹn ti ṣòfò. Àwọn tí ilé wọn wà létí òkun ní Èkó tàbí ní Kútọnu kò tilẹ̀ lè retí iye ọdún tí àwa ará Ìbàdàn ń rí lórí irú páànù bẹ́ẹ̀, nítorí pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ síńkì kíákíá.

Ìṣó ni mo rò pé a kì í fún ní àfiyèsí tó. Oòrùn ọ̀sán a máa mú kí páànù gbòòrò, òtútù òru a mú kí ó súnkì, nígbà ọyẹ́ ni ó sì máa ń hàn jù. Bí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, yóò máa fa ìṣó sókè díẹ̀díẹ̀, ihò yóò sì máa fẹ̀. Rọ́bà tí ó wà lábẹ́ orí ìṣó yóò gbẹ, yóò sì là. Bí igi bá ṣì lágbára, àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a yọ ìṣó àtijọ́, kí a fi èyí tí ó gùn tí ó sì tóbi jù ú lọ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun, kí a kàn án sí ibi tí páànù ti yọ sókè, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Kí káfíńtà má sì fi agbára lù ú títí páànù yóò fi tẹ̀, nítorí pé omi yóò dúró sínú ibi tí ó tẹ̀ náà.

Ohun mìíràn tí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni pé ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tí ó ti wọlé. Omi lè wọlé ní góńgó òrùlé, kí ó tọ igi lọ jìnnà, kí ó tó kán sórí bẹ́ẹ̀dì ẹni. A ní kí ọmọ kan fi rọ́bà omi máa da omi sórí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn wà nínú àjà tí ó ń wò. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gbogbo rẹ̀ yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó jò. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n máa ń fi dí páànù kò sì sí nínú àtúnṣe tí mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe. Oòrùn a máa mú kí ó là, omi a wọ abẹ́ rẹ̀, ìdógùn-ún a sì máa bá iṣẹ́ lọ níbi tí ojú kò tó o.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fẹ́ kí a ṣí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní, “Ìgbà wo la fẹ́ máa tún un ṣe dà?” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ nípa apá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi owó ẹ̀yìn ṣí iwájú tí kò ṣe nǹkan kan.” Mo ya àwòrán igi méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, wọ́n sì gbà. A ṣí ẹ̀yìn dé igi, a pààrọ̀ igi, a kan páànù tuntun. A pààrọ̀ ìṣó iwájú àti àwọn páànù tí ó jẹ níbẹ̀. Ní tèmi, bí àwọn páànù tí ó ti jẹ bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ní apá kan, ó sàn kí a ṣí apá náà, nítorí pé owó iṣẹ́ káfíńtà tí ń lọ tí ń bọ̀, sílíìnì tí ó ń bàjẹ́, àti wáyà iná tí omi ń wọ̀, tí ó lè pa ènìyàn, yóò ju owó páànù tuntun lọ.

Fún ẹni tí ó bá pinnu láti pààrọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n kan tuntun lé àtijọ́ lórí. Ọ̀rinrin yóò há sí àárín méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí igi mọ́. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi alumíníọ̀mù lẹ irin tí ó ti dógùn-ún. Bí omi bá wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ. Sìmẹ́ńtì tútù náà a máa jẹ ẹ́, nítorí náà kí àwọn bíríkìlà parí rírẹ́ ògiri kí páànù tó gun òkè. Bí ẹ bá ra longspan, ẹ ní kí wọ́n wọn bí ó ṣe nípọn lójú yín, nítorí pé 0.45 àti 0.55 mílímítà kò yàtọ̀ lójú ẹni tí kò wọ̀n ọ́n, wọ́n sì yàtọ̀ gan-an lówó àti lágbára. Gígùn ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé ni kí ẹ fi ṣírò iye tí ẹ ó rà, kì í ṣe ilẹ̀ yàrá.

Ìjì tí ó máa ń ṣíwájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, láti ìlà oòrùn ni ó ti máa ń wá lọ́dọ̀ wa. Ó yẹ kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ kíkàn láti apá ìwọ̀ oòrùn, kí etí páànù tí ó wà lókè má bàa kọjú sí afẹ́fẹ́, kí ó sì fi wáyà tàbí irin di igi òrùlé mọ́ ògiri. Bí sílíìnì ilé bá jẹ́ asbestos, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn gé e ní gbígbẹ, nítorí pé eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé. Kí a fi omi rin ín, kí a yọ ọ́ ní odindi.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni mo fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí, kí ìjì àkọ́kọ́ tó dé, kí gbogbo káfíńtà àdúgbò tó di ẹni tí a ń tọrọ. Ìgbà kan náà ni mo máa ń ní kí wọ́n gbá ewé kúrò lórí òrùlé. Ẹni tí ó bá gùn ún, kí ó má ṣe tẹ àárín páànù. Ibi tí ìṣó tò sí ni kí ó máa tẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni igi wà.