Wọn ò rí apànìyàn náà mú

Lálẹ́ àná, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ wo Zodiac nílé wọn ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. David Fincher ló darí fíìmù náà, ọdún 2007 ló jáde. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni: apànìyàn kan tó da San Francisco àti agbègbè rẹ̀ láàmú ní 1968 sí 1969, tó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìwé ìròyìn. Ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Bó ṣe parí, inú bí ẹ̀gbọ́n mi. "Wọn ò wá mú ẹnikẹ́ni? Lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn." Fíìmù náà kọ̀, kò purọ́ fún wa kí ọkàn wa lè balẹ̀. Graysmith, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ lásán nílé ìwé ìròyìn kan, tú ìwé láti wá apànìyàn náà títí ìyàwó rẹ̀ fi kó jáde. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ìran etí adágún Berryessa, níbi tí apànìyàn náà ti gún àwọn ọ̀dọ́ méjì lọ́bẹ, ńkọ́? Ojúmọmọ ni o! Mo ṣì ń rí i.

Ohun kan ló dùn mí: àwọn tí wọ́n pa. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n lóbìí. Awakọ̀ takisí kan tó wà lára wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n fún un nínú fíìmù náà. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.