PS1 lórí R36S: ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ káàdì

Ẹni tó bá ra R36S, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí à ń mú dání, tó lè gbá géèmù PlayStation àkọ́kọ́ (PS1), yálà Lágere ló ti rí i tàbí wọ́n bá a gbé e láti Èkó, inú rẹ̀ á dùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní: ó tan án, géèmù rẹpẹtẹ ti wà níbẹ̀. Mẹ́mórì káàdì tó bá a wá ni kí ẹ má fọkàn tán. Káàdì aláìlórúkọ ni, ó máa ń tètè kú, bó bá sì kú, géèmù yín àti ibi tí ẹ gbá a dé á bá a lọ. Orí káàdì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà. Emulator, ètò tó ń ṣe bí ẹni pé PS1 ni ẹ̀rọ yìí, kò le fúnra rẹ̀.

Linux ló wà nínú ẹ̀rọ náà. RK3326 ni chip rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 1GB, ojú rẹ̀ (screen) jẹ́ ínǹṣì 3.5. Èyí tó PS1, ó tún ṣẹ́kù. PSP a máa wọ́ bí géèmù bá wúwo. PS2 kẹ̀? Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ wá káàdì 32GB kan fún ArkOS (OS Linux tí ẹ̀rọ náà máa lò), òmíràn tó jẹ́ 64GB tàbí 128GB fún géèmù, ohun tí wọ́n fi ń ka káàdì, àti láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè dá dúró. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń kọ OS sórí káàdì, ṣe lẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dán káàdì wò kí ẹ tó lò ó. Káàdì tí wọ́n kọ 128GB sí lára, tó jẹ́ pé 8GB ló wà nínú rẹ̀, wà lọ́jà. Kò ní kọ̀ bí ẹ bá ń da nǹkan sí i, àmọ́ ohun tí ẹ kó sí i á ti bàjẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á. H2testw ni ti Windows. Lórí Linux, f3write lẹ́yìn náà f3read. Káàdì 64GB tó ń gba 15MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba ìṣẹ́jú àádọ́rin kó tó kún, kíkà rẹ̀ kò sí nínú ìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ jẹun.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà nìyí. Àwọn tó ń ṣe R36S ti pààrọ̀ irú ojú tí wọ́n ń fi sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Fáìlì dtb ló ń sọ fún Linux irú ojú tó wà níbẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ki káàdì àtijọ́ bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí apá tó ń jẹ́ BOOT, kí ẹ sì kó gbogbo fáìlì .dtb ibẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá kọ ArkOS sórí káàdì tuntun, lórí Linux:

sudo dd if=arkos.img of=/dev/sdX bs=4M status=progress conv=fsync

Ẹ fi lsblk wo lẹ́tà tó yẹ kó wà nípò X. Bí ẹ bá ṣì í, hard disk yín lẹ máa nù. Bó bá parí, ẹ da rk3326-r35s-linux.dtb tí ẹ kó pamọ́ padà sí BOOT. Bí iná ẹ̀rọ bá tàn tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn, dtb ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ayédèrú R36S náà wà tí pátákó inú rẹ̀ yàtọ̀. ArkOS lásán kì í bá ìyẹn ṣiṣẹ́.

Lórí Windows, ó máa ní kí ẹ fọ́máàtì káàdì náà. Ẹ má gbà fún un! Apá tó jẹ́ ext4, irú èyí tí Linux ń lò, ni kò lè kà; káàdì ò bàjẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án, ó máa na apá EASYROMS, ibi tí géèmù ń wà, títí tó fi gba káàdì tán. Ẹ má pa á, ẹ má yọ káàdì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ki káàdì kejì bọ TF2 (ihò káàdì kejì), ẹ lọ sí Options, Advanced, kí ẹ tẹ Switch to SD2 for Roms.

Fódà bios ni BIOS, ètò inú PS1 tó ń gbé ẹ̀rọ náà dìde, ń lọ. Èyí tí ẹ fà jáde láti inú PS1 tiyín ni kí ẹ lò. Ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ scph5501.bin, 524,288 báìtì, MD5 rẹ̀ (àmì tí ẹ fi lè mọ̀ pé fáìlì náà kò yí padà) ni 490f666e1afb15b7362b406ed1cea246. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ orúkọ rẹ̀, torí Linux kò ka SCPH àti scph sí ọ̀kan náà.

Géèmù ń lọ sí psx. Inú fáìlì .bin ni géèmù wà, .cue ló sì ń tọ́ka sí i; bí ẹ bá yí orúkọ .bin padà láìtún .cue ṣe, kò ní ṣí. Ó sàn kí ẹ fi chdman sọ ọ́ di ẹyọ fáìlì .chd kan:

chdman createcd -i geemu.cue -o geemu.chd

Fún géèmù tó ní ju díìsì kan lọ, bíi Final Fantasy VII tó ní mẹ́ta, ẹ kọ orúkọ àwọn chd náà sínú fáìlì .m3u, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni kí ẹ máa ṣí.

Bí ẹ bá séèfù nínú géèmù, inú RAM ni RetroArch, ètò tó ń gbá géèmù náà, lè gbé e sí títí ẹ ó fi jáde. Ẹni tó séèfù, tó jẹ́ kí bátìrì kú mọ́ òun lọ́wọ́, lè má bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nínú RetroArch, ní Settings, Saving, ẹ gbé SaveRAM Autosave Interval sí 10. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ jáde nínú géèmù, ẹ tẹ Start, Quit, Shutdown System.